Mo Ń Pa Ìròyìn Burúkú Rẹ́ Kí Ìyá Mi Tó Jí

Ẹ̀yin òǹkàwé, àwọn àgbà ní ẹni tó bá ṣíwájú tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Kòtò tèmi, èmi fúnra mi ni mo gbẹ́ ẹ, mo sì rò pé kànga ni mo ń gbẹ́ fún ìyá mi.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ iṣẹ́ tí mo ń ṣe, torí òun ló bí gbogbo rẹ̀. Bí ẹ bá ń wo fídíò lórí fóònù yín, tí ẹ ò rí ibi tí wọ́n ti ń pa èèyàn tàbí ibi tí wọ́n ti ń dá ọmọdé lóró, ẹ má rò pé ayé ti dáa. Àwa kan la jókòó síbì kan tí a ti bá yín wò ó, tí a sì ti yọ ọ́ kúrò. Ojoojúmọ́ ni.

Yàrá tí a ti ń ṣe é tutù bí ibi tí wọ́n ń kó ẹja sí. Wọ́n fi bébà dúdú lẹ ojú fèrèsé kí ará ìta má baà rí ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà. Oníkálukú ti iápíìsì bọ etí. Fídíò kan á wọlé, wàá ṣí i, wàá tẹ "fi sílẹ̀" tàbí "yọ ọ́", òmíràn á sì wọlé. Ọ̀gá wa ò fẹ́ kéèyàn pẹ́ lórí ẹyọ kan. Ó máa ń sọ pé, "Ẹ má ronú. Ẹ ṣáà tẹ̀ ẹ́."

Nígbà tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni mo ti ń sunkún. Ọkùnrin tó jókòó tì mí, tí a ń pè ní Lọ́yà torí kò sí ọ̀rọ̀ tí kì í jiyàn lé lórí, ló kọ́ mi lọ́gbọ́n.

"Pa ohùn rẹ̀," ó ní. "Sọ ọ́ di dúdú àti funfun. Sún un kó kéré bí orí àtàǹpàkò. Wo ìbẹ̀rẹ̀, wo ìparí, kí o tẹ̀ ẹ́."

"Tí mi ò bá gbọ́ ohùn, báwo ni mo ṣe máa mọ ohun tí wọ́n ń sọ?"

"Kí lo fẹ́ fi ohun tí wọ́n ń sọ ṣe? Ohùn ló máa ń bá èèyàn wọ bọ́ọ̀sì délé. Àwòrán kì í tẹ̀lé èèyàn tó bẹ́ẹ̀."

Òótọ́ ló sọ. Látìgbà tí mo ti pa ohùn, mi ò sunkún mọ́. Nígbà tó yá, mi ò ṣe nǹkan kan mọ́ rárá. Mo lè máa wo ohun tí ẹnu ò gbọdọ̀ sọ, kí n sì máa kán búrẹ́dì sẹ́nu. Wọ́n fún mi ní ìwé ẹ̀yẹ pé ọwọ́ mi yá. Inú mi ò dùn sí i, kò sì bàjẹ́. Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n.

Èmi àti ìyá mi la jọ ń gbé. Tíṣà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ẹ̀jẹ̀ wọn sì máa ń ga. Lẹ́yìn tí bàbá mi kú, wọ́n lẹ̀ mọ́ fóònù. Ọkọ̀ tó jóná, ilé tó wó, ìyá tó ń wá ọmọ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló ń bá wọn níbẹ̀. Ti ẹgbẹ́ àwọn tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ló burú jù. Àwọn àgbààgbà yẹn, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, orúkọ ẹni tó kú lánàá ni wọ́n fi ń kí ara wọn káàárọ̀.

Lọ́jọ́ kan, ìyá mi wo fídíò kan tí wọ́n fi ránṣẹ́ níbẹ̀, òòyì kọ́ wọn, wọ́n ṣubú sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Dókítà ní, "Màmá ò gbọdọ̀ máa gbọ́ ohun tó máa já wọn láyà. Ẹ bá wa ṣọ́ wọn."

Ta ló tún mọ iṣẹ́ ìṣọ́ ju èmi lọ?

Mo gba fóònù lọ́wọ́ wọn, mo ní mo fẹ́ tún un ṣe. Mo so ó mọ́ tèmi, débi pé gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ tó bá wọlé sí tiwọn ń wọlé sí tèmi náà, bí mo bá sì pa á rẹ́ lọ́dọ̀ mi, á pa rẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Ìyá mi máa ń pa fóònù wọn lálẹ́, wọ́n ní kó sinmi. Kí wọ́n tó jí, kí wọ́n tó wẹ̀, kí wọ́n tó tan án, mo ti wà nínú bọ́ọ̀sì tó ń gbé mi lọ síbi iṣẹ́, mo sì ti fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní.

Mi ò sọ fún wọn.

"Fóònù yìí wá dákẹ́ o," ni wọ́n sọ lẹ́yìn ìgbà díẹ̀. "Àbí àwọn èèyàn ò kú mọ́ ni?"

"Wọ́n ti ń lo oògùn wọn bó ṣe yẹ, Mọ́mì."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀jẹ̀ wọn wálẹ̀. Dókítà yìn mí. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ò mọ bí ìyìn yẹn ṣe dùn mọ́ mi tó. Níbi iṣẹ́, ohun tí mo bá yọ lónìí, irú rẹ̀ ló tún ń dúró dè mí lọ́la. Orí fóònù ìyá mi nìkan ni mo ti ń yọ nǹkan, tí mo sì ń rí ẹni tí ara rẹ̀ ń yá nítorí rẹ̀.

Ibẹ̀ ló ti mú mi. Láti orí fídíò, mo bọ́ sórí ìkéde òkú. Láti ibẹ̀, mo bọ́ sórí ẹjọ́ àwọn mọ̀lẹ́bí. Nígbà tí àbúrò bàbá mi kọ̀wé pé ọmọ yín obìnrin yìí kì í kí èèyàn, mo pa ìyẹn náà rẹ́. Ṣé ìyẹn náà ò lè mú kí ẹ̀jẹ̀ ga ni?

Ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo ni ìyá mi ní tó jẹ́ ọ̀rẹ́ dénú. Ẹlẹ́rìn-ín ni gbogbo ayé ń pè wọ́n. Ẹnu géètì ilé ẹ̀kọ́ tí ìyá mi ti ń kọ́ni ni wọ́n ti ń ta ìwé àti bírò, ẹ̀rín wọn sì máa ń wọ inú kíláàsì. Ìyá mi jáde lọ láti bá wọn jà, wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó padà wọlé, bí ọ̀rẹ́ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí ara di ara àgbà, Ẹlẹ́rìn-ín kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ wọn obìnrin, tó jẹ́ onídìrí, ní ìlú mìíràn. Orí fóònù ni àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì wá ti ń bú ara wọn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú bọ́ọ̀sì, mo rí àtẹ̀jíṣẹ́ láti ọ̀dọ̀ wọn: "Tíṣà, ara mi ò yá o. Wọ́n ti dá mi dúró sí ọsibítù. Wá wò mí."

Mo mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Ìyá mi ò ní jókòó. Wọ́n á wọ mọ́tò lọ́jọ́ náà gan-an, wọ́n á bá ọ̀rẹ́ wọn lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀jẹ̀ wọn á ru sókè. Ohun tí mo sọ fún ara mi nìyẹn, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n òótọ́ mìíràn wà lábẹ́ rẹ̀. Èmi ni n ó sìn wọ́n lọ. Èmi ni n ó jókòó sí ọsibítù, tí n ó máa gbọ́ ìkérora èèyàn tí mi ò lè pa ohùn rẹ̀.

Mo tẹ̀ ẹ́. Ó lọ. Mo ní bí ara Ẹlẹ́rìn-ín bá yá, n ó sọ fún ìyá mi, a ó sì jọ fi rẹ́rìn-ín.

Ara wọn ò yá. Ohùn ni wọ́n wá ń gbà sílẹ̀ ránṣẹ́, bóyá torí ọwọ́ wọn ò lè tẹ nǹkan mọ́. Àfẹ̀mọ́júmọ́ ló máa ń wọlé, ìgbà tí ìrora kì í jẹ́ kí aláìsàn sùn. Mo máa ń ṣí i kí n tó pa á rẹ́. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa níbi iṣẹ́ nìyẹn: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ yọ ohun tí kò ṣí. Ṣùgbọ́n mo ti pa ohùn fóònù mi. Mo ń wo ìlà kékeré tó ń sáré lọ títí ó fi dópin, lẹ́yìn náà mo tẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ mi ti mọ̀ ọ́n débi pé mi ò mọ̀ mọ́ pé mo ń ṣe é.

Nínú ilé, ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbé fóònù, wọ́n ń gbé e kalẹ̀.

"Ẹlẹ́rìn-ín ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́," ni wọ́n wí. "Mo pè é lọ́sàn-án, fóònù rẹ̀ ò wọlé. Mo tún pè é lánàá, kò wọlé."

"Bóyá netiwọ́ọ̀kì ni, Mọ́mì. Ẹ kọ̀wé sí wọn."

Mo mọ̀ pé wọn ò ní kọ ọ́ ni mo fi sọ bẹ́ẹ̀.

"Kí n kọ̀wé bẹ ẹni tí mi ò ṣẹ̀? Ìgbà tí a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, mo ní ó ti ń sọ̀rọ̀ jù. Ṣé ìyẹn náà ló ń bínú sí, àgbàlagbà bíi tiẹ̀?" Wọ́n wá na fóònù sí mi. "Ìwọ tó mọ nǹkan yìí lò, bá mi wò ó dáadáa. Ṣé ó ti fi nǹkan kan ránṣẹ́ tí ojú mi ò rí?"

Mo gbà á. Mo fi ìka yí i sókè, mo yí i sísàlẹ̀.

"Kò sí, Mọ́mì."

"Kò sí rárá?"

"Rárá."

Irọ́ yẹn ò wúwo lẹ́nu mi. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n á mu tíì, wọ́n ní àwọn á mu.

Lẹ́yìn ìyẹn, ohùn ò wá mọ́. Ọ̀rọ̀ kíkọ ló wọlé láàárọ̀ ọjọ́ kan, onídìrí ló kọ ọ́ láti orí fóònù ìyá rẹ̀: "Ẹ káàárọ̀, Mọ́mì Tíṣà. Màmá mi ti dolóògbé. Ọjọ́bọ̀ la máa sin wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá."

Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo wo ìta láti ojú fèrèsé bọ́ọ̀sì. Obìnrin kan ń fi omi fọ iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Mo ń retí pé kí nǹkan kan ṣẹlẹ̀ nínú mi, nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Mo pa á rẹ́, mo sì bọ́ọ́lẹ̀ níbi tí mo ti máa ń bọ́ọ́lẹ̀.

Ní àsìkò ìsinmi, mo bi Lọ́yà léèrè. "Tí o bá gbọ́ pé ẹnì kan kú, tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ò tíì mọ̀, ìgbà wo lo máa sọ fún un?"

"Inú fídíò ni?"

"Rárá. Èèyàn ni."

Ó yọ iápíìsì létí. "Lónìí."

"Ọ̀rẹ́ náà ní ẹ̀jẹ̀ ríru."

"Kó ru. Òun ló ni òkú ẹ̀. Ta ni ọ́ tí wàá fi bá a gbé e pamọ́?"

Mo ní kò yé e. Ó ní ó yé òun. A ò jiyàn púpọ̀ torí ọ̀gá ń bọ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo bá ìyá mi lórí àga níta, wọ́n ń rẹ́ èékánná wọn, wọ́n ń kọrin. Ara wọn le. Mo kí wọn, mo wọlé lọ sùn.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ò tiẹ̀ rìn jìnnà. Ní ọ̀sán Sátidé, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Onídìrí ni, báàgì wà léjìká rẹ̀, ojú rẹ̀ wú.

Ìyá mi fò dìde. "Ọmọ Ẹlẹ́rìn-ín! Ìyá ẹ dà? Ṣé òun ló rán ẹ wá bẹ̀ mí?"

Ọmọbìnrin náà ò jókòó. "Mọ́mì, mi ò wá jà. Ìbéèrè kan ni mo bá wá. Kí ni màmá mi fi ṣe yín?"

"Kí ló fi ṣe mí bíi ti báwo?"

"Tí ẹ ò fi dá wọn lóhùn títí wọ́n fi kú. Tí ẹ ò sì yọjú síbi ìsìnkú."

"Ìsìnkú ta?"

Omi tí mo gbé kaná ń hó nínú ilé ìdáná. Mo lọ pa iná rẹ̀. Mo fẹ́ dúró síbẹ̀.

"Mo ní ìsìnkú ta?" Ohùn ìyá mi ti kéré.

Ojú onídìrí yí padà. Ìbínú tó gbé wá láti ọ̀nà jíjìn ò mọ ibi tó máa dúró sí mọ́. Ó yọ fóònù ìyá rẹ̀ jáde nínú báàgì. "Mọ́mì, ẹ kà á. Ẹ wo àmì méjì tó wà níbí. Tí ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí bá ti ṣí i, búlúù ló máa ń dà. Búlúù ni gbogbo rẹ̀. Àfẹ̀mọ́júmọ́ nìkan ni wọ́n máa ń gbà ká tan fóònù ní wọ́ọ̀dù yẹn, bí a bá sì pè yín nígbà náà, tiyín kì í wọlé. Màmá mi á sọ̀rọ̀ tán, wọ́n á gbé e lé àyà, wọ́n á máa wo àmì yẹn. Tó bá ti yí, wọ́n á ní, 'Ó ti gbọ́ ọ. Ó máa dáhùn.'"

Mi ò mọ̀. Ẹ gbà mí gbọ́, mi ò rò ó rí pé bí mo ṣe ń ṣí i, àmì ń lọ bá ẹnì kan lórí bẹ́ẹ̀dì. Níbi iṣẹ́ wa, ẹni tó wà nínú fídíò kì í mọ̀ pé a wo òun.

Ìyá mi gbé fóònù tiwọn. "Kò sí nǹkan kan níbí. Wò ó. Kò sí." Onídìrí gbà á, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó gbójú sókè. Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Ìyá mi wá rọra yí ojú sí ọ̀nà ilé ìdáná.

"Ìwọ lo máa ń bá mi tún fóònù ṣe."

Ẹ̀yin òǹkàwé, mo ti wo ojú ọ̀pọ̀ èèyàn ní wákàtí tí ayé wọn bàjẹ́. Gbogbo wọn kéré, wọn ò ní àwọ̀, wọn ò sì lóhùn. Ti ìyá mi tóbi.

"Dókítà ló ní kí n ṣọ́ yín, Mọ́mì."

"Ṣé dókítà ló ní kí o gba ọ̀rẹ́ mi lọ́wọ́ mi?"

"Ẹ̀jẹ̀ yín..."

"Mo bi ọ́! Mo gbé fóònù fún ọ, mo ní ṣé nǹkan wà. O wò mí lójú."

"Mo fẹ́ sọ fún yín tó bá yá."

"Tó bá yá." Wọ́n jókòó. "Kí ló ń sọ nínú rẹ̀?"

"Mi ò mọ̀, Mọ́mì. Mo máa ń pa ohùn."

"O ò tiẹ̀ gbọ́ ọ?"

Mo mi orí. Ìgbà yẹn ni onídìrí bú sẹ́kún. Ìyá mi ò sunkún. Wọ́n ní kí n wá jókòó síwájú àwọn, wọ́n sì ní kó tẹ ohùn náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ohùn Ẹlẹ́rìn-ín ti rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ṣì wà nínú rẹ̀. "Tíṣà, mo rí i pé o ti kà á. Àbí o ṣì ń wá bírò pupa tí wàá fi máàkì ẹ̀ ni?"

Ìyá mi rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wọn.

"Tíṣà, nọ́ọ̀sì kan wà níbí tó ń fajú ro bíi tìẹ. Mo ti sọ fún un pé ọ̀gá ẹ̀ ń bọ̀."

"Tíṣà, tó bá jẹ́ pé mo ti sọ̀rọ̀ jù lóòótọ́, má bínú. Ẹnu mi nìkan ló ṣì ń ṣiṣẹ́ lára mi."

Ìdajì ohun tí mo pè ní ìròyìn burúkú, àwàdà ni. Èyí tó kẹ́yìn gùn. Èémí ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ó pẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó jáde.

"Mo mọ̀ pé o wà níbẹ̀. Àmì máa ń yí. Mi ò ní kí o dáhùn mọ́. Ṣáà máa gbọ́ mi."

Ìyá mi ò dákú. Ẹ̀jẹ̀ tí mo tìtorí rẹ̀ ṣe gbogbo èyí ò pa wọ́n. Wọ́n dìde, wọ́n di báàgì kan, wọ́n ní kí onídìrí mú àwọn lọ síbi tí wọ́n sin ọ̀rẹ́ àwọn sí. Mo ní kí n bá wọn gbé e. Wọ́n ní, "Fi sílẹ̀."

Wọn ò padà wá. Yàrá Ẹlẹ́rìn-ín ni wọ́n ń gbé báyìí.

Mi ò ní parọ́ fún yín pé mo fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Mo ṣì wà níbẹ̀. Mo ti tú fóònù wọn kúrò lára tèmi, mo sì ti bẹ̀ wọ́n títí. Wọ́n ní àwọn ti dárí jì mí, ohùn wọn ò sì le. Ọjọọjọ́ Àìkú ni mo ń pè wọ́n. Bí mo bá béèrè ara, wọ́n á ní àlàáfíà ni. Bí mo bá béèrè ẹ̀jẹ̀ wọn, àlàáfíà ni. Mo rò pé ìbínú ti ń tán.

Ọjọ́ Àìkú tó kọjá, onídìrí ló gbé fóònù náà. "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ń sinmi. Ojú abẹ yẹn ò tíì san."

"Abẹ wo?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Wọ́n ní kí n má sọ fún yín."

"Kí ni wọ́n ṣe fún ìyá mi?"

"Wọ́n yọ nǹkan kan níkùn wọn. Wọ́n ti gbé e lọ fún àyẹ̀wò. Mi ò lè sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Mo gbọ́ tí ìyá mi gba fóònù. "Èmi ni mo ní kó má sọ," ni wọ́n wí. Wọn ò bínú rárá. "Ìwọ kì í fẹ́ gbọ́ nǹkan burúkú. Mi ò fẹ́ kó dà ọ́ láàmú."

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́. Kí ni dókítà sọ?"

"Ṣé o ti jẹun?"

"Mọ́mì, ẹ sọ fún mi."

"Jẹun, kí o tètè sùn. Àlàáfíà ni."

Wọ́n rò pé àwọn ti pa fóònù, àmọ́ wọn ò pa á. Mo gbọ́ tí wọ́n gbé e kalẹ̀. Mo gbọ́ tí bẹ́ẹ̀dì dún.

"Wá dì mí mú," ni wọ́n sọ fún ọmọ ọ̀rẹ́ wọn. "Rọra. Ó ń dùn mí. Áà, ó ń dùn mí gan-an."

Mi ò lè pè wọ́n, wọ́n á mọ̀ pé mo ń gbọ́, wọ́n á sì pa á. Mo jókòó sílẹ̀, mo fi ọwọ́ bo ẹnu, mo gbé fóònù mọ́ etí, mo ń gbọ́ wọn títí káàdì mi fi tán.